Bàbá Àlímì àti Ohun Tó Wà Lábẹ́ Fàdákà

Ọjọ́ kẹjọ tí bàbá bàbá mi kú, àwọn ènìyàn péjọ sí ojúde wa ní Ìkàrẹ́ láti ṣàdúrà fún un. Nígbà tí àdúrà parí, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń pọ́n òkú lé. Ọ̀kan ní kò sí ẹni tó mọ ọ̀dà fàdákà kùn tó Bàbá Àlímì láti ibí títí dé Ọ̀wọ̀. Òmíràn ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ náà sì mọ́. Ọ̀rá ẹran ń ṣàn láti ẹnu wọn lọ sí àgbọ̀n, wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀rá kan náà tọ́ka sí bàálù onígi kékeré tí Bàbá ti kùn tipẹ́, tó fi okùn so rọ̀ sí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń wò wọ́n. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀kà. Kò sí ẹnì kan tó mẹ́nu bà á.

Èmi ni Sàfúrátù, ọmọ àkọ́bí ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà. Ọ̀kà ni mo lọ́kọ sí. Ohun tí wọ́n fò dá ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí Bàbá jẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tí ọjọ́ náà ná an.

Imú rẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Imú Bàbá gùn, kì í sì í sinmi. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní májèlé. Bí aṣọ kò bá gbẹ tán kí wọ́n tó ká a, ó ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Á yínmú, á tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì béèrè omi tí yóò fi ṣan ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nǹkan púpọ̀ ló ń rí i lára: òróró tó ta sí aṣọ, irun nínú ọbẹ̀, ẹni tó ń fi ìka họ eyín, ilá tó ń fà. Àwa ọmọ ilé kò fẹ́ràn ìwà yìí. Kí n má parọ́, ó máa ń mú mi bínú. Nígbà tí mo gbé àkọ́bí mi wá láti Ọ̀kà kí ó lè rí i, ọmọ náà ti sunkún lójú ọ̀nà, ikun sì ti dí i nímú. Bàbá na ọwọ́ láti gbà á, ó wo ojú rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Sàfúrátù, kọ́kọ́ nu imú rẹ̀ kí n tó máa fẹ́ràn rẹ̀."

Lọ́kọ́ja ló ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kùn níbẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé ibi tí èéfín ti ń jáde lórí ọkọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀dà fàdákà kùn, nítorí pé ọ̀dà náà kò bẹ̀rù iná. Lẹ́búlẹ́bú ni, bí eérú, inú agolo ló ń wà. Wọ́n á pò ó mọ́ fánísì, nǹkan tí wọ́n bá sì kùn á máa dán bí páànù tuntun. Ó kó agolo díẹ̀ bọ̀ wá sí Ìkàrẹ́. Ó fi kun férémù díńgí, ó fi kun ìdè ẹnu ọ̀nà, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí ọjọ́ tí bàálù àkọ́kọ́ fi fò kọjá lórí òkè wa.

Àwọn ènìyàn sá wọlé lọ́jọ́ náà. Bákàrè, àbúrò Bàbá, tó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn àti odó, kò sá. Ó dúró láàárín ìta, ó wò ó títí ó fi kéré bí eṣinṣin. Lẹ́yìn náà, òyìnbó kan tó sùn sí ilé àlejò ìjọba fi àwòrán bàálù hàn án nínú ìwé. Bákàrè gbẹ́ ẹ, Bàbá sì kùn ún. Akọ̀wé kóòtù ló kọ́kọ́ rà á, ó so ó rọ̀ sí pálọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, olówó tí kò bá ní bàálù onífàdákà lájà rẹ̀ kì í ka ara rẹ̀ sí olówó mọ́. Wọ́n ń wá láti Ọ̀kà, láti Ugbè, láti Ìpè.

Kí a sọ òótọ́, iṣẹ́ náà lẹ́wà. Bàbá á mú igi tí Bákàrè gbẹ́, á fi ewé ìpín ha á títí yóò fi dán bí èjìká ọmọ tuntun. Á fi ọ̀dà dúdú kùn ún, á jẹ́ kí ó gbẹ, á tún ha á. Ìgbà náà ni fàdákà tó kàn. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni yóò kùn ún, bí ẹni tí kò fẹ́ kùn ún rárá. Á jẹ́ kó gbẹ, á tún kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Níkẹyìn, á fi òwú nù ún, á sì fi eérú díẹ̀ pa dídán ibì kan lára rẹ̀ kí ibòmíràn lè máa tàn, nítorí òyìnbó náà ti sọ fún Bákàrè pé páànù tí wọ́n kàn mọ́ra wọn ni ara bàálù. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé tí ẹ bá fi èékánná gbá a, á dún gbọnrangandan. Ó sọ fún mi nígbà kan tí mo ń wò ó, "Ọ̀dà dúdú máa ń bá ọ̀lẹ pa àṣírí mọ́. Ti fàdákà, ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́."

Nítorí èyí ni kò ṣe fẹ́ eruku. Bó bá ti ń kùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gúnyán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dín nǹkan. Màmá àgbà, ìyàwó rẹ̀, fara dà á títí ó fi sú u. Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, Bàbá jáde wá, ó ní èéfín ààrò ń bà sí ìyẹ́ bàálù òun. Màmá kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó béèrè pé, "Ṣé kí n lọ máa dáná lórí òkè ni?" Bàbá ronú sí i díẹ̀, ó ní, "Tí òkè náà bá jìnnà tó."

Akọ̀wé kóòtù náà padà wá ra òmíràn fún àna rẹ̀. Ó ti jẹ àkàrà kó tó dé. Bàálù náà kò tíì gbẹ dáadáa, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹ́ rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti gbẹ. Ojú ìka rẹ̀ hàn síbẹ̀ kedere. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, òun á gbé e bẹ́ẹ̀. Bàbá gba bàálù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ ha gbogbo ìyẹ́ náà lójú rẹ̀ títí igi fi jáde. Akọ̀wé bínú. Ó ní ohun òun ni, ojú ìka òun sì ni. Bàbá tutọ́, ó dá a lóhùn pé, "Iṣẹ́ mi kò ní máa gbé òróró àkàrà rẹ kiri."

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò lè kun ẹ̀gbin láéláé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Bákàrè kò jọ ọ́ rárá. Ẹlẹ́rìn-ín ènìyàn ni, ó sanra, gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń fun imú, ara ògiri ló sì ń fi ọwọ́ náà nù. Nígbà tí àwọn tó ń béèrè bàálù pọ̀ sí i, kò ní sùúrù mọ́ láti dúró de igi ọmọ̀ kó gbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àràbà tútù, nítorí pé ó rọ̀ láti gbẹ́. Igi tútù náà ń là bó ti ń gbẹ, kòkòrò sì ń jẹ ẹ́. Bákàrè wá ọgbọ́n kan. Ó ń se awọ màlúù títí yóò fi yọ́ bí àtè, á pò ó mọ́ èkọ àti lẹ́búlẹ́bú igi, á fi dí gbogbo ihò náà. Inú ìkòkò kan lẹ́yìn ilé ló ń kó o sí. Tí ẹ bá ṣí ìkòkò náà, eṣinṣin á kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀.

Mo wá kí wọn lọ́jọ́ tí Bàbá rí i. Ó gbé bàálù kan tí Bákàrè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ sún mọ́ imú, ó sì gbé e jìnnà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó ní, "Bákàrè, kí ló wà nínú ihò yìí?"

"Àtè ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àtè wo ló ń rùn báyìí?"

"Tí ẹ bá ti kùn ún, kò ní rùn mọ́." Bákàrè ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa la ikùn bàálù wò?"

Bàbá gbé bàálù náà sílẹ̀. Ó yínmú, ó tutọ́, ó pè mí kí n bu omi wá. Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn náà ó mú ewé ìpín, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ó kùn ún. Ó dán bí gbogbo èyí tó ti kùn ṣáájú. Nígbà tó rí i pé mò ń wo òun, ó ní, "Ara rẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Inú rẹ̀ jẹ́ ti Bákàrè."

Obìnrin kan ń gbé nítòsí ilé ọkọ mi ní Ọ̀kà, Ìyá Dáníẹ́lì là ń pè é. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, Dáníẹ́lì nìkan sì ni ọmọ tó ní. Ọmọ náà rí bàálù kan nílé olùkọ́ wọn, kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sinmi mọ́. Nígbà tí ìyá náà gbọ́ pé bàbá bàbá mi ló ń kùn ún, ó bẹ̀ mí, mo sì gbé ọ̀kan wá fún un láti Ìkàrẹ́. Ọmọ náà kò jẹ́ kí bàálù náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbé e sáré yí àgbàlá ká, ó ń fi ẹnu ṣe bí ẹ̀rọ, á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bó bá ń sùn. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ibà mú un. Kò pẹ́ rárá tó fi kú.

Ìyá rẹ̀ so bàálù náà rọ̀ sókè ẹní tí ọmọ náà ń sùn sí. Òjò kò dá lọ́dún náà. Ilé rin, aṣọ bu, òórùn kan sì bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá náà. Ó kọ́kọ́ jẹ́ díẹ̀. Nígbà tó yá, ẹni tó bá ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé á gbóòórùn rẹ̀. Kí ni àwọn ará àdúgbò ṣe? Wọ́n ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọmọ náà kò tíì lọ. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ikú rẹ̀, òun ló fà á tí òkú ọmọ náà fi ń rà sí i lọ́rùn. Wọn kò gba iná lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sunkún lójú sàréè ọmọ náà títí ìró wọn fi fẹ́ẹ̀ já, ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé kí wọ́n má baà kọjá lójúlé rẹ̀. Tí mo bá rántí wọn, ó ń rí mi lára títí di òní.

Mo wọlé lọ bá a lọ́jọ́ kan. Ó ti gbẹ. Gbogbo yàrá náà ló ti fọ̀, gbogbo aṣọ ló ti fọ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Sàfúrátù, Dáníẹ́lì ń rà nínú yàrá mi. Mò ń wá a, mi ò rí i."

Mo tẹ̀lé òórùn náà títí mo fi dé abẹ́ bàálù. Ó ń dán lókè níbẹ̀, kò sí àbààwọ́n kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, mo rí i pé fàdákà náà ti wú bí eéwo. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, omi pupa rẹ́súrẹ́sú sì rọra yọ sí mi lọ́wọ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbé e lọ. Kò gbà. Ó já a kúrò lókè, ó gbá a mọ́ àyà, ó ní ohun ọmọ òun nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò gbà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gba ọ̀nà Ìkàrẹ́. Mo bá Bàbá àti Bákàrè níbi iṣẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì. Bákàrè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Gbé òmíràn lọ fún un. Sọ fún un pé òjò ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́."

Mo ní, "Ọmọ rẹ̀ ló rò pé ó ń rùn, Bàbá Bákàrè."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá lọ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn, ta ni yóò tún wá bá wa ra nǹkan?"

Bàbá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ó ti darúgbó nígbà náà, ojú ọ̀nà sì kún fún ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró sinmi títí a fi dé Ọ̀kà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá mi sọ lójú ọ̀nà. Ó ní, "Mo gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ náà rí mi."

Nígbà tí wọ́n rí wa, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ, wọ́n fi etí aṣọ bo imú. Bàbá kò wọlé. Ó ní kí n pe Ìyá Dáníẹ́lì jáde sí àgbàlá níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ó jáde wá pẹ̀lú bàálù náà ní àyà. Bàbá jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn.

Ó ní, "Ìyá Dáníẹ́lì, èmi ni mo kùn ún. Fún mi."

Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó na ọwọ́. Bàbá gbé bàálù náà lé òkúta, ó fi òkúta mìíràn là á. Ìdin ló kọ́kọ́ jáde. Òórùn náà bú jáde, àwọn ènìyàn sì fà sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn bì sára ògiri. Bàbá kò fi igi tú u. Ọwọ́ rẹ̀ ló tì bọ inú rẹ̀, ó bu ìdin àti awọ jíjẹrà náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbé e sókè. Mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ sún mọ́bí. Ẹ wò ó. Awọ màlúù rèé, àti èkọ. Àbúrò mi ló fi dí ihò igi, èmi ni mo fi ọ̀dà bò ó. Mo mọ̀ pé ó ń rùn kí n tó bò ó. Dáníẹ́lì kò sí nínú yàrá yẹn. Ibi tí ẹ sin ín sí náà ló wà, ó ń sinmi. Èmi ni mo ń rùn."

Ìyá Dáníẹ́lì tẹ̀ síwájú. Ó fi ìka kan ohun tó wà lọ́wọ́ Bàbá, ó gbé ìka náà lọ sí imú.

Ó béèrè pé, "Awọ màlúù ni?"

"Awọ màlúù ni."

Ó jókòó síbẹ̀, ó sì sunkún. Kò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú. Nígbà náà ni àwọn obìnrin àdúgbò rí ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n rọ́ wá, wọ́n fẹ́ dì í mú, wọ́n ń sọ pé àwọn kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tẹ́lẹ̀, pé àwọn ti mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bàbá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pariwo. Ó ní, "Awọ màlúù yìí kò rùn tó yín."

Mo bu omi fún un kí ó ṣan ọwọ́. Ó mi orí. A kọjá odò lójú ọ̀nà, mo tún sọ ọ́, ó tún mi orí. Bẹ́ẹ̀ ló gbé ọwọ́ náà dé Ìkàrẹ́, eṣinṣin ń tẹ̀lé e. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Bákàrè, ó na ọwọ́ náà sí i níwájú imú. Bákàrè gbé ojú sẹ́yìn, ó sì di imú. Bàbá ní, "Tìrẹ àti tèmi ni. Gbóòórùn rẹ̀ dáadáa."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ara wọn ṣiṣẹ́ mọ́. Bákàrè kó lọ sí apá kejì ìlú, ó wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a kùn. Bàbá kò kun bàálù mọ́. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ní Ìkàrẹ́ àti Ugbè, ó ń sọ fún àwọn tó rà á pé kí wọ́n la tiwọn wò. Wọ́n ń bínú sí i. Wọ́n ní ìlara àbúrò rẹ̀ ló ń ṣe é, wọ́n ní ó fẹ́ ba pálọ̀ àwọn jẹ́. Akọ̀wé kóòtù wà lára wọn. Ó dúró lábẹ́ bàálù tirẹ̀, ó gbé imú sókè díẹ̀, ó ní, "Bàbá, kò tíì rùn." Wọ́n sì ń bá a lọ láti máa ra ti Bákàrè. Àwọn gan-an ló wá jẹ ẹran wa lọ́jọ́ kẹjọ.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, Ìyá Dáníẹ́lì wá láti Ọ̀kà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, ó kí i, Bàbá sì mọ ohùn rẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó béèrè bí oúnjẹ ṣe ń lọ lẹ́nu rẹ̀, Bàbá béèrè bí ilẹ̀ oko ṣe rí ní Ọ̀kà. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó dúró.

Ó ní, "Bàbá, mi ò tíì sọ fún yín rí. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ la bàálù náà. Mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́."

Bàbá ṣí ojú.

Ó ní, "Èmi ò sùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀."